Ìwé Wo ni Kí Olùkọ́ Fi Han Ọmọ lórí Ọ̀nà Agile?

Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn kí n dé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí a ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kí olùkọ́ ibẹ̀ má bi mí pé ìwé wo ni kí òun ní kí àwọn ọmọ òun kà lórí Agile. Àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ti gbọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ríṣẹ́ níbi tí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ì báà ṣe ní Èkó, ì báà ṣe ní Nairobi tàbí London, gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yìí. Wọ́n ti gbọ́ pẹ̀lú pé ìwé-ẹ̀rí wà lórí rẹ̀, owó ni a sì fi ń gbà á. Kí wọ́n tó ná owó tí àwọn òbí wọn fi òógùn ojú kó jọ, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni wọ́n ń wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a fi ojú alárìíwísí wo àwọn ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wo ìwé ìtàn àti ìwé ìṣirò kí á tó fi wọ́n lé ọmọ lọ́wọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe àìtó ìwé. Ìwé ti pọ̀ kọjá ohun tí ènìyàn lè kà tán láyé rẹ̀, fídíò sì tún pọ̀ ju ìwé lọ. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, tí kò sì fi ibi tí iṣẹ́ ti kọ̀ fún un pamọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kéré níye, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni díẹ̀ nínú àwọn tó dára jù lọ. Àwọn tí a ń polówó ní ariwo kọ́ ni mo ń sọ.

Kí a tó dá ìwé lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ní òun fẹ́ kọ́ wa. Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn ọkùnrin 17 pàdé ní Snowbird, ibì kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn ló ti ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń darí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà. "Ọ̀nà fífúyẹ́" ni àwọn ènìyàn ń pe gbogbo àwọn ọ̀nà wọ̀nyí nígbà náà, orúkọ tí kò dùn mọ́ wọn nínú, nítorí ta ni yóò fẹ́ kí a máa pe òun ní ẹni fífúyẹ́? Agile ni orúkọ tí wọ́n fẹnu kò sí.

Mo ti rí ibi tí a ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí "ìyára", ìtumọ̀ náà sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Awakọ̀ lè yára kí ó sì yára wọ kòtò. Ohun tí àwọn ènìyàn yìí ní lọ́kàn súnmọ́ ohun tí a ń sọ nípa oníjó tí ara rẹ̀ dẹ̀, tó jẹ́ pé bí onílù bá ti yí ìlù padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti yí. Ẹ wo télọ̀ tó mọṣẹ́. Kì í rán agbádá tán pátápátá kí ó tó pe aláṣọ. Yóò kọ́kọ́ fi òwú mú un díẹ̀díẹ̀, yóò ní kí aláṣọ wá wọ̀ ọ́ wò, yóò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó fún àti ibi tó ṣò, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá fi ẹ̀rọ kàn án gbọnin. Gbogbo ọ̀nà tó ń jẹ́ Agile kò ju èyí lọ ní ìpìlẹ̀: kí a ṣe díẹ̀, kí ẹni tí yóò lò ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tún ibi tó yẹ ṣe, kí a tún ṣe díẹ̀ sí i.

Ìwé àjùmọ̀kọ tí wọ́n gbé jáde ní Snowbird ni kí ọmọ kọ́kọ́ kà. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì tó ojú ewé kan, yàtọ̀ sí ìlànà 12 tí wọ́n so mọ́ ọn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi ènìyàn ṣáájú irin-iṣẹ́, tí wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú òkìtì ìwé àlàyé, tí wọ́n fi àjọṣe pẹ̀lú oníbàárà ṣáájú àríyànjiyàn lórí àdéhùn, tí wọ́n sì fi mímọ bí a ti ń yà nígbà tí ọ̀nà bá yà ṣáájú rírọ̀ mọ́ ohun tí a ti là sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi gbólóhùn kan parí ọ̀rọ̀ wọn, pé àwọn ohun tí àwọn fi ṣe ìkejì náà níye lórí. Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń gé sọnù. Ìwé tó bá ń sọ fún ọmọ pé Agile ni kí a má kọ àlàyé sílẹ̀, tàbí pé kí a má ṣe ronú síwájú, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ fún un. Ẹ pa á dé.

Òṣùwọ̀n kejì tí mo fi ń wọn ìwé ni ọ̀rọ̀ Winston Royce. Ní ọdún 1970, Royce tẹ ìwé kan jáde tí kò ju ojú ewé 11 lọ, lórí bí a ti ń darí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ńlá. Ó ya àwòrán kan síbẹ̀ tí iṣẹ́ ti ń ṣàn láti orí ìgbésẹ̀ kan bọ́ sí orí èkejì, bí omi ti ń já láti orí àpáta. Ìwé tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń pe Royce ní baba ọ̀nà olómi-jíjá yìí, tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ pé ìwà àwọn ará àtijọ́ nìyẹn kí Agile tó dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe kọ́ wa ní yunifásítì tí mo lọ ní òkè òkun. Mo wá ìwé Royce fúnra rẹ̀ rí ní ilé-ìkàwé ibẹ̀, mo sì kà á. Kò jìnnà sí àwòrán náà tó fi sọ pé ewu ń bẹ nínú ṣíṣe iṣẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó sì lè forí ṣánpọ́n. Àwọn ojú ewé tó kù ló fi ń wá àtúnṣe. Ó dámọ̀ràn pé kí a ṣe ètò náà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi lé oníbàárà lọ́wọ́, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ sì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ṣáájú òpin. (Òtítọ́ ni pé ó fẹ́ràn ìwé àlàyé rẹpẹtẹ, nítorí náà a kò lè fi tipátipá sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ Snowbird.) Bí òǹkọ̀wé kan bá sọ pé Royce ń gbé ọ̀nà olómi-jíjá lárugẹ, ẹ mọ̀ pé kò ka ìwé tó ń bá wí. Ẹni tí kò ka ojú ewé 11, kí ni a fẹ́ gbà gbọ́ nínú ojú ewé 300 tí òun náà kọ?

Mo dé orí Scrum wàyí, nítorí òun ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Àpilẹ̀kọ Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka ní ọdún 1986 ni ó ti lo ọ̀rọ̀ yìí, tí ó ti inú eré rugby wá, láti fi ṣe àpèjúwe àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé iṣẹ́ lọ síwájú pa pọ̀. Jeff Sutherland àti Ken Schwaber ló sọ ọ́ di ọ̀nà ìkọ ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní ọdún 1995. Láti ọdún 2010 ni àwọn méjèèjì ti ń tẹ Scrum Guide jáde, ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe oṣù kọkànlá ọdún 2020 kò sì tó ojú ewé 20. Ọmọ tó mọ̀wé díẹ̀ lè kà á tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ohun tí kò sí nínú ìwé náà ti pọ̀ tó nínú àwọn ìwé tó ní àwọn ń ṣàlàyé rẹ̀. A ó sọ fún ọmọ pé Scrum pàṣẹ pé kí a máa kọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ bí ìtàn kúkúrú, èyí tí a ń pè ní user story. Scrum kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Láti inú ọ̀nà mìíràn tí mo ń bọ̀ wá sọ ni àṣà náà ti wá. A ó sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ fi àmì, tí wọ́n ń pè ní story point, díwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí nínú rẹ̀. A ó ní nínú ìpàdé oníṣẹ̀ẹ́jú 15 tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, kí olúkúlùkù dìde dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí lo ṣe lánàá, kí lo fẹ́ ṣe lónìí, kí ló dí ọ lọ́wọ́? Àwọn ìbéèrè yìí wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a yọ wọ́n kúrò ní ọdún 2020. Olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan tàbí fídíò kan ti di ẹ̀kọ àná, kí ó wo ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìpàdé òòjọ́. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Èmi kò wí pé kí a má lo àwọn àṣà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dára. Ohun tí mo ń wí ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ òfin àti èyí tó jẹ́ àṣà ilé oníkálukú, kí ó má ba à dé ibi iṣẹ́ kí ó máa bá àgbà jiyàn lórí òfin tí kò sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Scrum Guide ní àléébù tirẹ̀, bí a bá ń wá ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí ìwé òfin bọ́ọ̀lù ni ó rí. Ó sọ iye ènìyàn tó yẹ kó wà lórí pápá, ó sọ bí àkókò ti gùn tó (iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ kí a tó fi hàn), ó sì sọ ẹni tó ń dáhùn fún kí ni. Kò sọ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ lórí bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó mọ́, tàbí bí a ti ń dán an wò. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé àwọn fi àyè yìí sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ yóò rò pé òun ti mọ iṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé òfin ìpàdé nìkan ni òun mọ̀.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí, tí kò ṣeé gbójú fò. Ìdánwò ìpele kìíní kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, èyí tí àjọ Scrum.org ń ṣe, ní ìbéèrè 80 tí a ó dáhùn láàrin ìṣẹ́jú 60, ẹni tó bá sì gba 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege. Ìdánwò tòótọ́ ni lórí ohun tó ń dán wò, ó sì le. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin ọmọ tó ka ìwé kẹ́místrì tán àti ọmọ tó ti di burette mú rí. Ìwé-ẹ̀rí mìíràn wà tí a fi ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì gbà. Bí ẹni tó ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ọdún pípẹ́ bá lọ gbà á, ó lè wúlò fún un níbi ìwáṣẹ́, n kò bá a jà. Ọmọ ọdún 18 tí kò tíì kọ ètò kan tí ènìyàn kan lò rí, tó wá ná owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí oyè "Scrum Master", ọ̀gá ta ni ó fẹ́ jẹ́? Mo gbà pé kí olùkọ́ sọ fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé kí wọ́n fi owó náà ra kọ̀ǹpútà àlòkù.

Àwọn kan lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé Snowbird gan-an ti figbe ta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Dave Thomas kọ̀wé ní ọdún 2014 pé orúkọ Agile ti di ọjà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ó sì dábàá pé kí a fi orúkọ náà sílẹ̀ kí a di ìwà rẹ̀ mú. Ní ọdún 2018, Ron Jeffries náà ní kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kúrò lẹ́yìn "Agile" tí àwọn ọ̀gá ń fi tipá gbé lé wọn lórí. Ọmọ tó bá ka àwọn méjèèjì kò ní sọ ọ̀nà yìí di ẹ̀sìn.

Níbo wá ni kí a ti rí bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù? Inú ìwé àwọn oní-Extreme Programming ni. Kent Beck tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1999, láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ètò owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò Chrysler. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ni pé kí ènìyàn méjì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, kí ọ̀kan máa kọ, kí èkejì máa wò ó kí ó sì máa ronú. Pé kí a kọ ìdánwò kí a tó kọ ètò tí ìdánwò náà yóò dán wò. Pé kí a máa da iṣẹ́ gbogbo wa pọ̀ lemọ́lemọ́ kí àṣìṣe má fara pamọ́ pẹ́. Káàdì tí a kọ ìtàn ohun tí oníbàárà ń fẹ́ sí, ibẹ̀ náà ló ti jáde. Ìwé náà gbóná, ó ń tani jí. Àmọ́ ohun kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi kún un: ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Chrysler dá iṣẹ́ náà dúró kí ètò tuntun tó gba ipò gbogbo ti àtijọ́. A kò lè tìtorí èyí sọ pé ọ̀nà náà kò dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò bá sọ fún yóò rò pé ẹni tó bá ti tẹ̀lé ìlànà kò lè kọsẹ̀. Àtẹ̀jáde kejì, tí Beck àti Cynthia Andres gbé jáde ní 2004, rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ni mo fara mọ́ fún ilé-ìkàwé wa.

Ìwé Beck mìíràn, Test-Driven Development: By Example, tó jáde ní 2002, ni mo rò pé ó yẹ ọmọ jù lọ nínú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ló fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́: bí a ti ń fi dọ́là kún fráǹkì kí ìdáhùn má bàjẹ́. Ìgbésẹ̀ tó ń gbé kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kíkéré náà ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Kí olùkọ́ fi náírà àti owó sẹ́fà rọ́pò dọ́là àti fráǹkì, gbogbo ọmọ tó bá ti bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà ẹnubodè ni yóò mọ ohun tí a ń sọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi dandan lé e pé kí n mú ìwé kan ṣoṣo, èyí tí Henrik Kniberg, ará Sweden, kọ ní ọdún 2007 ni n ó mú: Scrum and XP from the Trenches. A lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kniberg kò sọ pé báyìí ni kí ẹ ṣe é. Bí àwa ti ṣe é nìyí ni ó ń sọ. Ó sọ bí wọ́n ti to àga nínú yàrá, bí wọ́n ti lẹ káàdì mọ́ ògiri, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ń pẹ́ dé ìpàdé, àti bí ọ̀rọ̀ ìdánwò ti fẹ́ dá wọn lẹ́kun. Ó ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí kò yẹ kí olùkọ́ kankan gbàgbé: ẹwà tí oníbàárà ń fojú rí, èyí tí a lè bá a dúnàádúrà lé lórí, àti ìmọ́tótó inú ètò náà fúnra rẹ̀, èyí tí kò sí ìdúnàádúrà nínú rẹ̀. Àtẹ̀jáde kejì ti ọdún 2015 ló wá jọ mí lójú jù, nítorí pé kò pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́. Ó fi í sílẹ̀ bó ti wà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí èrò rẹ̀ ti yí padà láàrin ọdún mẹ́jọ. Ọmọ ń rí òǹkọ̀wé tó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń ṣe èyí fún wa ní ẹ̀kọ́ yòówù?

Fún olùkọ́ fúnra rẹ̀, Bertrand Meyer kọ ìwé kan ní 2014 tó fi ń yin ohun tó dára nínú Agile tó sì ń nà án lẹ́gba níbi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le nígbà mìíràn ju bó ti yẹ lọ, ó sì wúlò. Ìwé James Shore, tí a tún ṣe ní 2021, nípọn, ó sì kún. Nínú fídíò, èyí tí Kniberg ṣe ní 2012 lórí iṣẹ́ ẹni tó ni ọjà náà, tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ, tó fún kíláàsì kan.

Ohun kan kù tí ìwé kò lè fúnni, òun sì ni oníbàárà. Mo ti gbọ́ tí àwọn olùkọ́ ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni àwọn ní fún ọmọ 40, iná mànàmáná kò sì dúró. Báwo ni àwọn yóò ti kọ́ni ní ọ̀nà ìṣiṣẹ́ òkè òkun? Ìdáhùn mi ni pé nínú gbogbo ọ̀nà ìkọ ètò kọ̀ǹpútà, èyí ni ipò wa bá mu jù. Ènìyàn méjì sídìí kọ̀ǹpútà kan kì í ṣe òṣì níbí, ìlànà ni. Káàdì àti ògiri kì í lo iná. Ìpàdé oníṣẹ̀ẹ́jú 15 kò ní kí a san owó íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí olùkọ́ lọ bá olùtọ́jú ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tí ń fi ìwé àkọsílẹ̀ gbàǹgbà ka iye ìwé tí àwọn ọmọ yá lọ. Kí ó ní kí ó wá sí kíláàsì wá sọ ohun tó ń ni ín lára. Kí àwọn ọmọ kọ ohun tó sọ sí káàdì, ẹyọ kan sí káàdì kan, kí òun fúnra rẹ̀ sì tò wọ́n láti orí èyí tó ń fẹ́ jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n gbé ìwọ̀nba tí wọ́n bá ti ṣe síwájú rẹ̀, bó ti wù kí ó kéré tó, kí wọ́n jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó sọ pé ohun tí òun ń fẹ́ kọ́ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Inú àwọn ọmọ yóò bàjẹ́. Ọjọ́ náà ni kí olùkọ́ kó ìwé Kniberg wọ kíláàsì, kí ó sì ṣí i sí ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa fífi iṣẹ́ han oníbàárà.